Bí Ilé Kò Bá Ní Sinmi: Kíkọ́ Ọmọ Kékeré Níwèé Nílé ní Alímọ̀ṣọ́

Ẹni tó sọ ilé ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní jẹ́léósinmi kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò pè é ní jẹ́-ọmọ-ó-mọ̀wé. Ilé ló ro tiẹ̀: kí ọmọ jáde, kí ariwo rọlẹ̀, kí ìyá ráyè fọ abọ́, kí bàbá ráyè wá owó. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún tọkọtaya tó bá fọ̀rọ̀ yìí lọ̀ mí pé kí wọ́n má tíì ra ìwé, kí wọ́n má tíì kan pátákó mọ́ ògiri. Kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n bi ara wọn léèrè: bí ilé yìí kò bá ní sinmi mọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ta ni yóò gbé e?

Òbí tí ọmọ wọn kò tíì ju ọdún mẹ́jọ lọ, tí wọ́n ń gbé Ìkọ̀tún, Ẹgbẹ́dá, Ìgándò tàbí ibikíbi ní Alímọ̀ṣọ́, ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Ọmọ tó ti ń múra àtiwọ JSS, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹni tí yóò jókòó ti ọmọ

Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 sí Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó tí iye wọn tó bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wa kì í ṣiṣẹ́ níbi tí a ń sùn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Áílàǹdì tàbí Apápá ti gbọ́dọ̀ wà ní Ìyànà Ìpájà tàbí gáréèjì Ìkọ̀tún kí ilẹ̀ tó mọ́, alẹ́ ni yóò sì tó wọlé. Àwọn onílé ìwé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ti rán bọ́ọ̀sì wá láago mẹ́fà àárọ̀, dẹ́rẹ́bà á máa fọn fèrè lójú títì, ọmọ ọdún mẹ́rin á fi orí ti gíláàsì, á máa tòògbé, búrẹ́dì ṣì ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Òbí tó ń rí ọmọ rẹ̀ báyẹn lójoojúmọ́ ló sábà máa ń ronú pé kí òun kúkú máa kọ́ ọ nílé. Mi ò lè bá a wí.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin méjèèjì bá ti ń jáde kí wọ́n tó kírun àsùbá tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ kò lè bá yín ṣe é. Tíṣà lẹ́sìn náà kò lè bá yín ṣe é. Lẹ́sìn tí gbogbo wa mọ̀ l'Ékòó, wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, ilé ìwé ló ń kín lẹ́yìn. Ẹ yọ ilé ìwé kúrò, tíṣà lẹ́sìn kò ní ohun tó máa kín lẹ́yìn mọ́.

Àwọn tí mo rí tí ó gún régé lọ́wọ́ wọn ni ìyá tó ń ránṣọ nínú pálọ̀ ara rẹ̀, bàbá tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti ilé, àti ìyá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà tí ara rẹ̀ ṣì le. Bí ẹ bá ní irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Ìyá tó ní ìsọ̀ lọ́jà Ìkọ̀tún ńkọ́? Mo mọ ẹnì kan tó gbìyànjú ẹ̀ nídìí ìsọ̀. Ọmọ náà mọ ṣéńjì ṣírò ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, àmọ́ odidi oṣù mẹ́ta ni kò fi ka ojú ìwé kan parí, nítorí oníbàárà kì í dúró de ẹni tó ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ b àti d. Wákàtí méjì nílé kí ẹ tó lọ ṣísọ̀ sàn ju kí ọmọ jókòó ti àpò ìrẹsì látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ ká sọ ti owó, torí àwọn kan rò pé ọ̀nà àtidín ìnáwó kù ni. Ẹ mú bírò. Ní apá kan, ẹ kọ owó ilé ìwé, owó bọ́ọ̀sì, yúnífọ́ọ̀mù, ìwé, lẹ́sìn, àti owó pátì ìparí ọdún tí wọ́n á ní kì í ṣe dandan tí yóò sì di dandan. Ní apá kejì, ẹ kọ iye tí ẹni tó máa jókòó sílé ń rí lóṣù, tí kò ní rí mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, apá kejì ló ń wúwo. Bó bá jẹ́ owó nìkan ló ń lé yín, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ń bẹ, wọn kì í gba owó ilé ìwé, ibẹ̀ ni kí ẹ mú ọmọ lọ. Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o. Tíṣà ìjọba tó gba ìwé ẹ̀rí NCE mọ iṣẹ́ ju òbí tó ń fi ìbínú kọ́ni lọ.

Ohun tí òfin wí

Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan fún òbí láti rí i pé ọmọ lọ sí práímárì àti JSS, kí ó sì parí méjèèjì. Òbí tó bá tàpá sí i, ìbáwí ni ti ìgbà àkọ́kọ́. Ti ìgbà kejì jẹ́ 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn ó di 5,000 náírà tàbí oṣù méjì, tàbí méjèèjì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2007 náà gbè é lẹ́sẹ̀ pé ẹ̀tọ́ ọmọ ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

Àwọn ará ilé wa tó wà ní London lè máa kọ́ ọmọ nílé láìbẹ̀rù, torí òfin ẹ̀kọ́ wọn ti ọdún 1996 sọ pé kí òbí rí i pé ọmọ kẹ́kọ̀ọ́, yálà nílé ìwé tàbí lọ́nà mìíràn. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "tàbí", ni gbogbo wọn dì mú. Òfin tiwa kò ní "tàbí" yẹn. Ti Jámánì tilẹ̀ le ju tiwa lọ: ilé ìwé ni dandan, ẹni tó bá kọ́ ọmọ nílé lè dé kóòtù.

Kí wá ni ṣíṣe? Práímárì ni dandan yẹn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún nílé dípò jẹ́léósinmi kò lufin. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà lọ ni kí ẹ ti máa ṣọ́ra. Ẹ bi lọ́yà kan léèrè kí ẹ tó dá ọmọ práímárì dúró sílé. Ẹ má fi í pamọ́ bíi pé ẹ jí i gbé. Àṣírí ló ń jẹ́ kí àdúgbò fura. Kí ẹ sì ní ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹ lè gbé síwájú ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ohun tí ọmọ ń kọ́.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí kò sí nínú òfin. Nígbà tí wọ́n ka ilé ìwé aládàáni ní gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 2010 sí 2011, 12,098 ni wọ́n rí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni ìjọba sì ti fọwọ́ sí. Gbogbo wa la mọ àwọn tó kù. Fúláàtì oníyàrá mẹ́ta ni: pálọ̀ ni práímárì kìíní àti ìkejì, ilé ìdáná ni ọ́fíìsì, bàlùwẹ̀ ni ibi tí wọ́n ń kó ìwé sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ síbẹ̀ fi pálọ̀ tiyín ṣẹ̀sín.

Màmá

Ọ̀rọ̀ ìjọba rọrùn ju ọ̀rọ̀ màmá lọ. Ó máa ń rí báyìí. Màmá bàbá ọmọ á pè láti Abẹ́òkúta ní ọjọ́ Àìkú, kò ní kí ẹnikẹ́ni tán.

"Ìyàwó mi, wọ́n ní ọmọ mi ò lọ sílé ìwé mọ́."

"Ó ń kàwé, Màmá. Nílé la ti ń kọ́ ọ."

"Ṣé owó ni kò sí ni? Ẹ sọ fún mi."

"Kì í ṣe owó, mà."

"Ta ló wá ṣẹ̀ yín nílé ìwé ọ̀hún?"

Ẹ má bínú sí i. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí ẹ̀. Màmá tí wọ́n bí lọ́dún 1949 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tó wọ ilé ìwé nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ gbé kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ní ọjọ́ 17 oṣù January ọdún 1955. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lè má rí i wọ̀, kó jẹ́ òun ló rí i wọ̀. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ilé ìwé ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fọ́mọ tálákà, ẹ̀yin sì wá ń fọwọ́ ara yín tì í. Àlàyé kò lè tán an. Ohun tó ń tán an ni kí ọmọ kàwé sí i létí. Ẹ ra Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ, ìwé tí Màmá fúnra ẹ̀ mọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ojú ìwé kan fún un lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn màmá tí mo mọ̀ gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó ń kà á dáadáa. Ìgbà wo ló máa wá padà sílé ìwé?" Ẹ kàn dáhùn pé láìpẹ́, Màmá.

Ti àwọn ará àdúgbò kò tó nǹkan. Bí bàbá onílé bá bi yín, ẹ sọ òótọ́, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Wákàtí méjì àbọ̀

Ní oṣù March ọdún 2020 tí Èkó ti gbogbo ilé ìwé pa nítorí àrùn Kòrónà, gbogbo wa la di tíṣà lójijì. Ìjọba ń kọ́ àwọn ọmọ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àwọn ilé ìwé ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, òbí sì ń fa ọmọ létí. Ọ̀pọ̀ òbí di àkókò ilé ìwé mú bí ó ti rí, láti aago mẹ́jọ di aago méjì, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì ìyá ń sunkún, ọmọ ń sunkún. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé àwọn ti gbìyànjú kíkọ́ ọmọ nílé, kò ṣeé ṣe. Ilé ìwé ni wọ́n gbìyànjú láti gbé wọ inú ilé.

Ilé ìwé nílò wákàtí mẹ́fà torí pé ọmọ ọgbọ̀n ló wà ní kíláàsì: wọ́n á tò, wọ́n á ka orúkọ, wọ́n á dúró de ẹni tó ń lọ tọ̀. Ẹ̀yin ní ọmọ kan. Láti aago mẹ́sàn-án sí aago mọ́kànlá àbọ̀ ti tó fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọmọ ọdún mẹ́rin, wákàtí kan, kí ó máa lọ ṣeré. Aago mẹ́sàn-án yẹn dára ní Alímọ̀ṣọ́ nítorí pé àwọn ọmọ yòókù nínú kọ́mpáǹdì ti lọ, ojú ọjọ́ kò tíì gbóná, ẹ kò sì nílò iná. Ẹ má fi ẹ̀kọ́ kankan sọ́wọ́ iná. Ẹ̀kọ́ tó bá jẹ́ pé YouTube ló gbé e dúró, ọjọ́ tí wọ́n bá múná lọ ni ìsinmi.

Ìwé kíkà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa jáwọ́ nínú kíkà níbí. Ẹ ní sùúrù. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé ẹ̀kọ́ kan, St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tayọ àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an pàápàá. Ilé ìwé aládàáni tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá kò lè dán èyí wò. Ẹ̀yin lè dán an wò.

Lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì wa kò ju 25 lọ, bí a bá sì ṣe kọ ọ́ la ṣe ń pè é. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ "bàtà", ẹ gbé bàtà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Àmì ohùn ni àwọn òbí máa ń bẹ̀rù, ọmọ kì í bẹ̀rù ẹ̀, torí orin ni lójú tiẹ̀. Ẹ kọ "ọkọ" sórí bébà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìfi àmì sí i. Ẹ ní kí ó kọ ọ́ lórin: re re ni ọkọ, ẹni tó fẹ́ ìyá ẹ̀. Re mí ni ọkọ́ tí bàbá fi ń ro oko. Re dò ni ọkọ̀ tó ń kọjá ní Ẹgbẹ́dá. Kí òun fúnra ẹ̀ fi àmì sí èyí tó bá gbọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún kan ṣe èyí lójú mi, ó sì béèrè pé kí ló dé tí wọn kò fi àmì sára ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn dáńfó. Mi ò rí èsì fún un.

Gẹ̀ẹ́sì á tẹ̀lé e lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Nígbà yẹn, ó ti mọ̀ pé lẹ́tà ń sọ̀rọ̀. Ohun tó kù ni kí ó mọ̀ pé lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì a máa purọ́ nígbà mìíràn.

Ìṣirò, ìdérí kóòkì ló ń ṣe é. Ẹ ṣa á lọ́wọ́ ìyá ọlọ́tí míníráàlì tó wà ní ẹnu géètì, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ kó àádọ́ta sílẹ̀, kí ọmọ tò ó ní ìlà márùn-ún, mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kí ó mú márùn-ún kúrò nínú ìlà ìkẹyìn. Mélòó ló kù? Márùndínláàádọ́ta. Orúkọ iye náà ti bá a ṣe ìyọkúrò. Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni ẹ ti máa rí àṣìṣe kan: ẹ ní kí ó kọ márùndínláàádọ́ta, yóò kọ 55. Ẹ má lù ú, kì í ṣe òpè. Àádọ́ta ló gbọ́, ó kọ 5. Ó tún gbọ́ márùn-ún, ó kọ 5 sí i. Ẹ padà sórí ìdérí, kí ó ka ìlà tó pé: mẹ́rin. Kí ó ka èyí tó kù: márùn-ún. 4, 5. Ẹ wá pe "forty-five" fún un nígbà yẹn, yóò rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ń ka ohun tó wà nílẹ̀, Yorùbá ń ka ohun tó kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ máa lò lórí èyí. Ẹ má kánjú.

Ní Sátidé, ẹ mú un lọ ọjà Ìkọ̀tún. Kí ó gbé dẹ́rìkà wo, kí ó gbé kóńgò wo, kí ó bi oníresì pé dẹ́rìkà mélòó ló wọ kóńgò kan, kí ẹ dé ilé kí ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ fún un ní 1,000 náírà kó fi ra ata àti àlùbọ́sà, kó sọ iye ṣéńjì kí aláta tó sọ ọ́.

Ẹ ra ìwé kan náà tí àwọn ọmọ àdúgbò yín ń lò nílé ìwé, èyí tó tẹ̀lé ètò ẹ̀kọ́ NERDC. Kì í ṣe pé òun ló dára jù. Ọjọ́ tí ọmọ bá máa padà ni ẹ ń wò.

Ohun tí ilé ìwé ń ṣe tí a kì í kà sí

Ẹgbẹ́ ni àkọ́kọ́. Láti aago méjì ọ̀sán tí àwọn ọmọ kọ́mpáǹdì bá ti dé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ má fi ọmọ pamọ́ nítorí pé ẹ kò fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Ilé kéwú, ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́ọ̀lù lójú pópó, gbogbo ẹ̀ ni kí ó lọ. Bí ẹ bá rí ìdílé méjì mìíràn tó ń ṣe irú èyí láàárín Ìdímù sí Ìgándò, ẹ kó àwọn ọmọ jọ lọ́jọ́ Ẹtì, lónìí nílé tiyín, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nílé tiwọn.

Abẹ́rẹ́ ni ìkejì. Àwọn elétò ìlera máa ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ bá àwọn ọmọ nílé ìwé, ọmọ tó wà nílé kò sí níbẹ̀. Bí ọmọbìnrin yín bá dàgbà sí i, ẹ rántí abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù October ọdún 2023, tí Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ni ẹ máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀.

Ìwé ni ìkẹta. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ olójú-ewé gbọọrọ kan, ẹ kọ déètì àti ohun tí ọmọ ṣe lójoojúmọ́, ìlà méjì péré. Ní ìparí táàmù, ẹ yan iṣẹ́ rẹ̀ bíi márùn-ún, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti NIN ní kùtùkùtù. Ilé ìwé tí ẹ bá fẹ́ mú un padà sí yóò béèrè èsì táàmù tó kọjá. Bí ẹ bá gbé ìwé àkọsílẹ̀ yẹn kalẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní ìdánwò tí ó yege, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ti WAEC ṣì jìnnà, àmọ́ kí ọkàn yín balẹ̀: ẹni tí kò sí nílé ìwé ń ṣe é, òun ni gbogbo wa ń pè ní GCE.

Ẹni tó ń kọ́ ọmọ náà sì nílò ìsinmi. Sátidé jẹ́ ti ẹnì kejì látàárọ̀ dalẹ́, kò sí àwáwí ìpàdé tàbí òde.

Bí ẹ bá ti kà á dé ibí, tí ó ṣì ń wù yín, ẹ má tíì lọ sọ fún ilé ìwé pé ọmọ kò wá mọ́. Ẹ dúró de ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú oṣù August dán an wò, láti aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àbọ̀, láìfo ọjọ́ kan. Bí ó bá sú yín ní ọ̀sẹ̀ kejì, oṣù September ni ilé ìwé ń wọlé, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.